Àpẹẹrẹ Ọnà Lójú Aṣọ: Ohun Tí Ìbàdàndùn Lè Kọ́ Ẹgbẹ́ Aránṣọ

Mo kí ẹ̀yin aránṣọ tó ti jókòó ti máṣíìnì láti Challenge títí dé Ring Road. Mo kí ẹ̀yin tó ń pàtẹ aṣọ ní Dùgbẹ̀ àti Aléṣinlọ́yẹ́. Mo kí ẹ̀yin ìyá wa ní Bódìjà, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbówó tó ń fi abẹ́rẹ́ wá owó kún owó ilé ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ rí, tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní.

Lóde òní, bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù, fóònù ló máa nà sí aránṣọ: "Ẹ jọ̀ọ́, irú èyí ni kí ẹ rán fún mi." Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí fóònù tó dé, ibo ni àwọn aránṣọ, àwọn aládìrẹ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sí agbádá ti ń wo ọnà? Ta ló ń bá wọn tọ́jú rẹ̀? Báwo ni ọnà tí ìyá kan yà sójú aṣọ ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ṣe dọ́wọ́ ẹni tí kò fojú kan ìyá náà rí?

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọnà kì í pẹ́ láyé àfi bí a bá tọ́jú nǹkan mẹ́ta pọ̀: àpẹẹrẹ rẹ̀ lójú aṣọ, orúkọ rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Bí ọ̀kan bá dín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ní pẹ́ tí ọmọ ọmọ ẹni yóò fi máa rà á lọ́wọ́ àlejò láìmọ̀ pé ohun ìní ilé bàbá òun ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkèèrè, kí a tó padà wálé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, nígbà tí ìwé ọnà kò tíì kárí, obìnrin tó bá rí irú ìránṣọ kan tó wù ú yóò wá aṣọ funfun kékeré, yóò rán díẹ̀ nínú rẹ̀ síbẹ̀, yóò sì ká a pamọ́ sínú àpótí. Bó bá tún rí òmíràn, ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ ni yóò rán an sí. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dé, yóò tẹ́ aṣọ àpẹẹrẹ yìí sílẹ̀, yóò yan èyí tó bá a lára mu. Nínú gbogbo irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tó ní ọdún lára ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó pẹ́ jù tí a mọ̀ ni ti Jane Bostocke, tó ṣe tirẹ̀ ní 1598. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù. Ewé wà lára rẹ̀, òdòdó wà, ẹranko wà, lẹ́tà A, B, D wà. Ó tún fi abẹ́rẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Alice Lee ní 1596. Jane kì í ṣe ọba, kì í ṣe ìjòyè. Ó lé ní irínwó ọdún tó ti ṣe é, a ṣì ń dárúkọ rẹ̀ lórí rédíò ní Ìbàdàn, torí pé ó fi orúkọ sílẹ̀, ó fi ọdún sí i.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ yìí di ti ẹgbẹ́. Ní 1906, àwọn mẹ́rìndínlógún tó ti kọ́ iṣẹ́ ní Royal School of Needlework, ilé ẹ̀kọ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1872, kóra jọ, wọ́n dá Embroiderers' Guild sílẹ̀. Wọn kò fi mọ sórí ìpàdé àti àjọyọ̀ nìkan. Wọ́n kó aṣọ àtijọ́ jọ, kí ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ lè fojú rí ohun tí ọwọ́ àwọn àgbà ti ṣe.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ti òyìnbó nìyẹn, kí ló kàn wá?" Ó kàn wá o. Lẹ́yìn 1808, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n ń kó wọn lọ sí Freetown àti àwọn abúlé tó yí i ká ní Sàró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn míṣọ́n CMS dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn, abẹ́rẹ́ sì jẹ́ ẹ̀kọ́ pàtàkì fún àwọn ọmọbìnrin. Láàárín àwọn ọdún 1820 sí 1840 ó lé díẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí fi òwú kọ lẹ́tà, òǹkà, àdúrà àti ẹsẹ Bíbélì sójú aṣọ, wọ́n kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀ pẹ̀lú abúlé tí ilé ìwé wọn wà. Wọ́n fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dáwó fún míṣọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè rí i pé owó wọn kò ṣòfò. Díẹ̀ nínú àwọn aṣọ náà ṣì wà dòní.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ rò ó. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílé, tí orí kó yọ lójú òkun, jókòó sínú kíláàsì, ó ń fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ. Orúkọ ìrìbọmi tí míṣọ́n fún un ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí. Aṣọ pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì tún sọ ohun tó sọnù fún wa. Asánò, tó di ìyàwó Àjàyí Crowther ní 1829, wà lára irú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà sì di olùkọ́ ní Sàró.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí dé ìlú wa, ìyẹn ní 1853, David Hinderer, míṣọ́nnárì CMS, àti ìyàwó rẹ̀, Anna, ló gbé e wá sí Kúdẹtì. Yéjídé àti arákùnrin rẹ̀, ọmọ Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́, wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fà lé wọn lọ́wọ́. Pẹ̀lú ìwé kíkà, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́. Ní 1899, ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Kúdẹtì. Ní 1950, wọ́n da òun àti CMS Girls' School ti Èkó, tó ti wà láti 1869, pọ̀ di St Anne's, tó wà ní Mọlẹ́tẹ̀ dòní, nítòsí Challenge. Ẹ̀yin ìyá tó ti jókòó nínú kíláàsì abẹ́rẹ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rántí aṣọ funfun pélébé tí tíṣà ní kí ẹ mú wá: ẹ ó rán ìránlọ, ẹ ó rán ìránpadà, ẹ ó rán ẹlẹ́wọ̀n, tíṣà á máàkì, ó parí. Aṣọ àpẹẹrẹ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa ló ti fi nu àga.

(Orin díẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti ọnà la ń bá bọ̀. A ti dé òkèèrè, a ti dé Sàró, a ti padà dé Kúdẹtì. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe láìwo ọwọ́ míṣọ́n.

Kí ẹ tó dé ilé ẹnikẹ́ni láti wá aṣọ àpẹẹrẹ Yorùbá, ẹ lọ ṣí àpótí ìyá yín. Bí ẹ bá bá àdìrẹ ẹlẹ́kọ níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ pín sí ilé onígun mẹ́rin, tí ọnà inú ilé kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ìbàdàndùn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ jókòó tì í.

Aṣọ méjì ni wọ́n rán pọ̀ di ìró kan. Tẹ́ẹ̀rú ni aṣọ náà, ìyẹn funfun onífẹ́lẹ́ tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ẹ óò rí i pé lójú kan ṣoṣo ni ọnà ti hàn dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró. Nínú ilé kan, ewé ni. Nínú òmíràn, ẹyẹ. Nínú òmíràn, ìlà wẹ́wẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, tó fi jẹ́ pé ojú ẹni á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pòòyì. Ibì kan sì wà tí ẹni tó bá ti gun òkè Màpó rí kò ní ṣì mọ̀: àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó ló tò lọ rere yẹn. Láàárín òpó sí òpó, kí lẹ rí? Ṣíbí ni. Ṣíbí ìjẹun! Gbọ̀ngàn tí ìjọba fi ń ṣe fọ́ńté, tí àwọn ọlọ́lá ń wọ̀, ìyá aládìrẹ gbé e sójú aṣọ, ó to ṣíbí ilé ìdáná rẹ̀ sáàárín rẹ̀, ó sì lẹ orúkọ ìlú mọ́ ọn pé Ìbàdàn dùn.

Ẹ wò ó bí ọnà ṣe ń jẹ́rìí. 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó. Aṣọ tó bá ti ní òpó Màpó lára kò lè jẹ́ ti ayé Balógun Ìbíkúnlé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó. Láìsí ọdún kankan lára aṣọ, ọnà náà ti sọ ìgbà tí kò lè ṣáájú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, fún àǹfààní ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ìyá aládìrẹ á ro láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù kó ki, kó sì lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ̀kọ nìyẹn. Á ṣẹ́ aṣọ po kó lè pín ojú rẹ̀ sí ilé dọ́gba. Á wá ki ìyẹ́ adìyẹ tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ ẹ̀kọ, á máa yà á lọ láìní ìwé lọ́wọ́, láìní rúlà. Ó di kó gbẹ. Ó di ọwọ́ aláró. Èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n sá, tí wọ́n rẹ sínú omi eérú nínú ìkòkò títí tó fi kan, òun ni yóò gba aṣọ náà. Nígbà tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, títí yóò fi dúdú tó. Ibi tí ẹ̀kọ bo kò ní mu aró tó ibi tó kù. Tí wọ́n bá wá họ ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà dé.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ lè sọ pé ìyẹ́ adìyẹ kọ́ ni iṣẹ́ yín. Ó dára. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ńkọ́? Ibí ni abẹ́rẹ́ ti ń ya àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò ní rí òwú rẹ̀. Wọ́n á ṣẹ́ aṣọ po ní ìṣẹ́po tín-ín-rín, wọ́n á fi ìko tàbí òwú líle rán an gba etí rẹ̀ kọjá, wọ́n á sì fà á le dan-in títí aṣọ fi sún kì. Bí a bá rì í sínú aró, ibi tí abẹ́rẹ́ gbà, tí òwú sì fún, aró kò ní wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ tó ń dẹ́rù bà wọ́n jù ni ìtú: abẹ ni wọ́n fi ń já òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọwọ́ bá sì yẹ̀ díẹ̀, aṣọ ya, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ dòfo. Nígbà tí máṣíìnì ìránṣọ kárí ìlú, àwọn ọkùnrin náà bọ́ sídìí ẹ̀, wọ́n ń fi máṣíìnì rán ìṣẹ́po yìí fún àwọn aládìrẹ. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe nílẹ̀ yìí ju kí a so aṣọ pọ̀ mọ́ aṣọ lọ.

Gbogbo ọnà wọ̀nyí ló lórúkọ. Olókun wà. Súnbẹ̀bẹ̀ wà, tó gba orúkọ lára ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Oṣù bàm̀bà wà láàárín àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n fi ìko so, òbìrí ńlá àti kékeré bí òṣùpá. Àwọn orúkọ yìí ni ìwé ọjà wọn. Ìyá tó wà ní Ìbàdàn lè ránṣẹ́ sí aláró ní ìlú mìíràn pé "Olókun mẹ́wàá ni mo fẹ́," kò ní ya àwòrán ránṣẹ́. Ohun tí orúkọ ń ṣe fún ọjà nìyẹn.

Ṣé ọnà kì í yí padà? Ó ń yí padà gidi. Ẹ gbọ́ ìtàn aṣọ kan. Ní 1935, Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè. Àjọyọ̀ Júbílì náà dé ọ̀dọ̀ wa, àwòrán ọba àti olorì rẹ̀, Mary, sì di ọnà àdìrẹ. Bátànì ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn páànù tí wọ́n gé ọnà sí lára, tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ kọjá sórí aṣọ. Ọlọ́ba ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Ó tà. Ẹlòmíràn ra ọ̀kan, ó fi ojú aṣọ gé bátànì tirẹ̀. Ẹnì kẹta wo ti ẹnì kejì. Ẹni kẹrin kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọba kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí ọnà náà ti ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń yí padà, tí àwòrán ọba fi ń jìnnà sí ti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó wo iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Wíwò ni ọ̀nà tí ọnà fi ń bímọ. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe mọ ohun tó yí padà lára Ọlọ́ba? Torí pé àwọn kan kó oríṣiríṣi rẹ̀ jọ síbì kan ni, tí wọ́n tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní iwájú Agbówó níbẹ̀, ni iṣẹ́ náà ti wáyé. Wọ́n dá Institute of African Studies sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1962. Ní 1971, ilé iṣẹ́ náà tẹ ìwé kan tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣètò, Adire Cloth in Nigeria. George Jackson ló kọ ìpín tó wà lórí ọnà Júbílì nínú rẹ̀. Ṣáájú wọn, ní 1957, Ulli Beier àti Susanne Wenger ti kọ̀wé lórí àdìrẹ nínú Nigeria Magazine. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ohun tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ yẹ kó ti ṣe: wọ́n lọ bá aládìrẹ, wọ́n béèrè orúkọ ọnà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni èyí: orúkọ ọnà wà nínú ìwé, orúkọ àwọn olùwádìí wà lẹ́yìn ìwé. Ìyá tó kọ́kọ́ to ṣíbí sáàárín òpó Màpó, kò sẹ́ni tó lè dárúkọ rẹ̀ lónìí. Aṣọ rẹ̀ ti dé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun. Òun fúnra rẹ̀ di "obìnrin Yorùbá kan".

Ẹ jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin díẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé a gbàgbé wọn. Ọnà orí agbádá jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì kọjá ààlà ẹ̀yà. Hausa, Nupe, Ìlọrin àti àwa níhìn-ín la jọ ń pín in jẹ. Ẹ wo agbádá àgbà kan dáadáa nígbà tó bá ká apá rẹ̀ sí èjìká: àyà ni ojú ń wò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹnu ṣóńṣó gígùn wọ̀nyẹn, ọ̀bẹ ni. Hausa ń pè é ní aska, ẹlẹ́nu méjì wà, ẹlẹ́nu mẹ́jọ wà. Òbìrí tó wà láyà ọ̀tún, tambari ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ti ń pe ìlù ọba. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe é lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí agbádá kan. Lónìí, mónógíráàmù ti gba iṣẹ́ náà. Ẹ gbé agbádá lọ sọ́dọ̀ onímónógíráàmù ní Ring Road, yóò tan kọ̀ǹpútà, yóò fi ọnà hàn yín lójú rẹ̀, yóò béèrè pé, "Èwo nínú ìwọ̀nyí?" Ẹ bi í léèrè pé kí ni wọ́n ń pe èyí tí ẹ yàn. Nọ́ńbà ni yóò sọ fún yín.

Níbẹ̀ ni ewu wà. Máṣíìnì kò ṣẹ̀ wá. Bí ọ̀bẹ mẹ́jọ bá ti di nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ́ tó ń lo máṣíìnì lè gé ọ̀bẹ mẹ́ta kúrò nítorí àyè, kò sì ní mọ̀ pé òun gé nǹkan kan. Bákan náà ni ọjà àdìrẹ. Láti ìgbà tí Kampala olóríṣiríṣi àwọ̀ ti gbòde, ẹlẹ́kọ dín kù. Ní báyìí, aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní fáktírì ní Ṣáínà, tí wọ́n ya ọnà àdìrẹ sí lára, kún ọjà, ó sì pọ́ọ́kú ju tiwa lọ. A kò lè bá fáktírì du owó pọ́ọ́kú. Ohun tí fáktírì kò ní, tí ó sì ṣòro kó ní, ni orúkọ ọnà, ìtàn rẹ̀, àti ọwọ́ tó ṣe é. Bí àwa náà bá wá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù, kí la tún fẹ́ fi tà?

Àwọn tó ń gbìyànjú wà. Ìyáàfin Nike Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní 1951, jogún iṣẹ́ aṣọ láti ọ̀dọ̀ ìyá ńlá rẹ̀, ó sì dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983 níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnì kan kọ́ ni. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹgbẹ́ aránṣọ ló lè kó àkísà àgbà jọ, torí pé ẹgbẹ́ ló ní ìpàdé oṣooṣù, ló ní ọmọṣẹ́, ló ní àgbà.

Kí ni ẹgbẹ́ lè ṣe? Mo ní ìmọ̀ràn mẹ́rin, kò sí èyí tó ń bèèrè owó ńlá.

Èkíní: ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú aṣọ àtijọ́ kan wá láti ilé, ìbáà ṣe àdìrẹ, ìbáà ṣe fìlà abetíajá tó níṣẹ́ lára. Kí wọ́n má tà á, kí wọ́n má gé e. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: orúkọ ọnà, ẹni tó ṣe é, ìlú tí wọ́n ti rà á, àti ayẹyẹ tí wọ́n rà á fún. Bí ìyá àgbà kan bá wà nílé tó mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Níbí ni fóònù wúlò jù. Ẹ má fi báírò kọ nǹkan sójú aṣọ, ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé mọ́ ọn. Ẹ gé aṣọ funfun pélébé, ẹ kọ ọ́ sórí rẹ̀, ẹ fi òwú kan méjì so ó mọ́ ìṣẹ́tí.

Èkejì: kí ẹgbẹ́ ra tẹ́ẹ̀rú ọ̀pá mẹ́ta, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì pín in sí ilé onígun mẹ́rin, bí ínǹṣì mẹ́fà mẹ́fà. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ilé kan, kó fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà àtijọ́ kan síbẹ̀: òpó Màpó àti ṣíbí, ewé, ọ̀bẹ agbádá, èyíkéyìí. Ìránpadà dára fún ìlà; ẹlẹ́wọ̀n dára fún ohun tó bá tẹ̀ kọrọdọ. Lábẹ́ rẹ̀, kó rán orúkọ ọnà náà, orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú ẹnikẹ́ni kó sọ pé òun kò dá ọnà náà sílẹ̀, nítorí náà òun kò ní kọ orúkọ. Orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀ ti sọnù. Ti ẹni tó gbé e dé ọjọ́ òní kò gbọdọ̀ sọnù.

Ẹ̀kẹta: ọmọṣẹ́. Kí ọ̀gá tó fún ọmọ ní fúrídọ́ọ̀mù, kí ọmọ náà ti ṣe aṣọ àpẹẹrẹ tirẹ̀. Ọjọ́ ìdúpẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, kó na aṣọ náà sókè kí gbogbo ẹgbẹ́ rí i, kó dárúkọ ọnà ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá lè dárúkọ wọn, bí oníbàárà bá wọlé, yóò ní ohun tó máa sọ yàtọ̀ sí "Èló lẹ fẹ́ san?" Onímónógíráàmù náà lè mú ọnà láti inú aṣọ yìí sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ dípò nọ́ńbà.

Ẹ̀kẹrin: kí ẹgbẹ́ rìn jáde. Ẹ kọ lẹ́tà sí Institute of African Studies ní Yunifásítì, ẹ ní ẹ fẹ́ wá wo ohun tí wọ́n ní. Ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Museum of Unity ní Aléṣinlọ́yẹ́. Ẹ gun òkè Màpó, kí ẹ fi ojú ara yín wo àwọn òpó náà kí ẹ tó rán wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Bódìjà ló pẹ́ tí ẹsẹ̀ wa ti débẹ̀ kẹ́yìn.

Kí n tó dá ẹnu dúró, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Aṣọ aró kì í fẹ́ háípò, ẹ má jẹ́ kó kan án. Òun nìkan ni kí ẹ fọ̀, nínú omi tútù, nítorí pé ó ń ṣí. Ẹ má sá a sóòrùn ọ̀sán gangan. Abẹ́ òjìji ni. Bí ẹ bá ká a pamọ́, ẹ máa yí ojú ìká padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé ojú ìká kan náà ni aṣọ àtijọ́ ti ń kọ́kọ́ ya. Bí ó bá sì ti ya, ẹ má jù ú nù. Ilé onígun mẹ́rin kan tí ọnà rẹ̀ ṣì mọ́ tó fún ọmọṣẹ́ láti wò.

Bí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní ọ̀sẹ̀ yìí tí ẹ rí àdìrẹ lára rẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí i dáadáa. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye tí yóò tà á. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ṣe é, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ tó dìde.